Ọkọ̀ Tó Ń Gbọ̀n Lónìí, Tí Kò Gbọ̀n Lọ́la: Ìgbà Wo Gan-an Ló Ń Gbọ̀n?

Ọkọ̀ mi máa ń gbọ̀n lójú ọ̀nà Oǹdó, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Àkúrẹ́, á dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó rí àlejò. Ilé mi wà ní Àkúrẹ́, ibi iṣẹ́ mi wà ní Oǹdó, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í rin ọ̀nà yẹn. Tí mo bá ti kọjá Ọ̀wẹnà, tí ọ̀nà gba eré díẹ̀, ìjókòó abẹ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí àga tí wọ́n gbé lé ẹ̀rọ tó ń lọ ata. Mo bá dẹsẹ̀, tí eré bá ti lọ sílẹ̀, ó dákẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ó lọ, n kò gbúròó rẹ̀ mọ́ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Mo ní ó ti tán. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó padà dé.

Ọ̀gá tó ń bá mi tọ́jú ọkọ̀ nígbà náà wà á yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Màmá, mi ò gbọ́ nǹkan kan o." Síbẹ̀ ó ní ká pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì síìtì. A pààrọ̀ rẹ̀, kò lọ. Ó ní ká pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A pààrọ̀ wọn, kò lọ. Owó ń jáde, ọkọ̀ ń gbọ̀n. Ẹni tó padà wá rí i kì í ṣe mẹkáníìkì rárá, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ fọkanáísà ni, n ó sì sọ ohun tó rí fún yín tí mo bá dé ibẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi ni pé ọkọ̀ tó ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í gbọ̀n lásán. Ó ní ìgbà tó ń gbọ̀n, ìgbà yẹn ló sì ń tọ́ka sí ibi tí àìsàn rẹ̀ wà. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ lójoojúmọ́ ló mọ ìgbà náà. Mẹkáníìkì ò lè mọ̀ ọ́n, nítorí nínú ọgbà rẹ̀ kò lè sá eré kọjá kìlómítà 20 ní wákàtí kan, ọkọ̀ ti tutù, kò sí ẹrù, kò sí òkè, kò sí òjò. Ó dà bí ẹni tí ibà máa ń mú lóru tí wọ́n wá ń gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sàn-án. Tí aláìsàn ò bá sọ̀rọ̀, kí ni dókítà fẹ́ rí?

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo ná: ṣé ó máa ń gbọ̀n nígbà tó bá dúró sójú kan, àbí ó dìgbà tó bá ń lọ? Ìbéèrè yìí nìkan ló ya ọ̀rọ̀ sí ọ̀nà méjì. Ọkọ̀ tó dúró, táyà rẹ̀ kò yí, ṣáàfù, irin tó ń yí táyà, kò yí, kò sẹ́ni tó tẹ bíréèkì láti dá a dúró. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì. Tó bá gbọ̀n lójú kan, ẹ fi táyà sílẹ̀, ẹ kọjú sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá sì jẹ́ pé ó dúró jẹ́ẹ́ lójú kan, tó jẹ́ pé eré ló ń mú un gbọ̀n, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ra ẹ́ńjìnnì síìtì ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi náà ti sanwó làpálàpá yẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ń gbọ̀n lójú kan. Ẹ dúró síbi tó tẹ́jú, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa. Ẹ fi jíà sí N, níbi tí ẹ́ńjìnnì kò ti fa táyà, ẹ fọkàn sí i. Ẹ wá gbé e sí D, ti ìlọsíwájú, láì ká ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ẹ tan AC. Tó bá jẹ́ pé ní N ó dákẹ́, tó wá ń gbọ̀n ní D, tí AC tún wá dá kún un, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ìyẹn ẹ́ńjìnnì síìtì, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Iṣẹ́ rọ́bà yẹn ni láti gba ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì mọ́ra kó má bàa dé ara ọkọ̀. Tí ọkọ̀ bá ti lé lógún ọdún, rọ́bà á gbẹ, á sán, á rẹlẹ̀, irin á wá máa kan irin. Àwọn kan ní òróró nínú, tó bá ti bẹ́, ẹ máa rí àbàwọ́n dúdú tó ṣàn sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ lè fojú yín rí i. Kí ẹnì kan jókòó sídìí sítíárìn, kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gan-an, kó fa tọwọ́ pẹ̀lú. Ẹ̀yin ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kẹ́nikẹ́ni má dúró níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀, mo bẹ̀ yín. Kó gbé jíà láti N sí D, láti D sí R, ti ìpadàsẹ́yìn. Gbogbo ẹ́ńjìnnì ló máa ń mira díẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá fò sókè bí ẹni tí ẹ̀rù bà, tí ẹ gbọ́ "gbì" lábẹ́, síìtì ti lọ. Ẹ fetí sí èyí náà: síìtì olówó pọ́ọ́kú tí rọ́bà rẹ̀ le bí òkúta lè mú ọkọ̀ gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò pé síìtì kọ́ ni nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tí kò lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí tí wọ́n rà ni kò dáa.

Ṣùgbọ́n tó bá ń gbọ̀n ní D, tó ń gbọ̀n ní N, tí ìgbọ̀nrìrì náà kò sì dọ́gba, tó ń já lọ́tùn-ún lósì, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí síìtì. Sìlíńdà kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ihò tí epo ti ń jóná nínú ẹ́ńjìnnì, ni kò jóná bó ṣe yẹ. Ẹ fojú inú wo àwọn mẹ́rin tó ń gún iyán nínú odó kan náà, bí a ṣe máa ń ṣe nílé ìnáwó níhìn-ín. Tí ọwọ́ wọn bá ṣe déédéé, ẹni tó wà nínú yàrá á mọ̀ pé iyán ń lọ. Jẹ́ kí ẹnì kan ṣì í lù lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ilé ló máa gbọ́ pé ìlù ti bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́rin tó ń yí bí ìgbà 700 ní ìṣẹ́jú kan, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ gbọ́dọ̀ jóná bí ìgbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ọ̀kan bá ń fo tirẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù ò lè bò ó mọ́lẹ̀.

Kí ló dé tó fi ń ṣe é lónìí tí kò ṣe é lọ́la? Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà. Kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná lè sán lára, sísán tí ojú ò tètè rí. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, iná ń dé ibi tó yẹ. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin á wọ ibi tó sán, iná á gba ibẹ̀ sá lọ sára irin ẹ́ńjìnnì. Ẹlòmíràn, ooru ló ń mú tirẹ̀: ó dáa láàárọ̀, lẹ́yìn ìrìn wákàtí kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Omi tí wọ́n fi fọ ẹ́ńjìnnì náà ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ ló ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń da omi síbẹ̀ láì bèèrè, omi á sì dúró sínú ihò púlọ́ọ̀gì. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bẹntiróòlù tí a rà nínú kẹ́ẹ̀gì nígbà tí epo wọ́n, tí omi ti wà nínú rẹ̀. Tí ìgbọ̀nrìrì bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ra epo síbi tí ẹ kì í rà á sí, ẹ má gbàgbé láti sọ ọ́.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 síwájú ní ihò kan lábẹ́ dáṣìbọ́ọ̀dù níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ síkáànù sí i, ríwáyà tó mọṣẹ́ á mọ̀ ọ́n. Tí ẹ̀rọ náà bá sọ P0301, sìlíńdà kìíní ló ń fo, P0302 jẹ́ ti ìkejì, títí lọ bẹ́ẹ̀. P0300 túmọ̀ sí pé kò dúró síbì kan, pé fífò náà ń kiri. Kóòdù kò sọ pé kọ́ìlì ló bàjẹ́ o, ibi tí wàhálà wà nìkan ló sọ. Láti mọ̀ bóyá kọ́ìlì ni, kò pọn dandan kẹ́ ẹ ra nǹkan kan. Tó bá jẹ́ P0302, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n yọ kọ́ìlì ìkejì, kí wọ́n fi ti ìkẹta rọ́pò rẹ̀, kí ti ìkejì lọ jókòó sí ìkẹta. Kí wọ́n pa kóòdù rẹ́, kí ẹ wà á títí yóò fi tún gbọ̀n. Tí kóòdù bá yí padà sí P0303, kọ́ìlì yẹn ti jẹ́wọ́, ó gbé àrùn rẹ̀ lọ síbi tuntun. Tó bá dúró sí P0302, kọ́ìlì kò jẹ̀bi, ẹ kọjú sí púlọ́ọ̀gì, lẹ́yìn rẹ̀ nọ́súlù tó ń fọ́n epo, lẹ́yìn rẹ̀ agbára sìlíńdà fúnra rẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí ìdánwò yìí nítorí kò gba kọ́bọ̀, kò sì fàyè gba "a máa gbìyànjú ẹ̀ wò".

Ohun kan tún wà tí àwọn ọkọ̀ àgbà fi ń gbọ̀n lójú kan: rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ẹ́ńjìnnì ti gbẹ, ó ti là. Ẹ máa gbọ́ "ṣììì" bí ìkòkò tó fẹ́ hó. Ìgbọ̀nrìrì ti èyí máa ń lọ tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́tù, ìyẹn ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, díẹ̀. Ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tó ti dọ̀tí náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, fífọ̀ lásán ló ń fẹ́.

Tí iná ẹ́ńjìnnì orí dáṣìbọ́ọ̀dù bá tàn tó dúró, ẹ lè rọra wakọ̀ délé kẹ́ ẹ lọ ṣe síkáànù. Ṣùgbọ́n tó bá ń ṣẹ́jú, tó ń tàn tó ń kú, tí ọkọ̀ ń já, ẹ dẹ eré, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Epo tí kò jóná ń lọ sínú èéfín, ó ń jó nínú páìpù, ooru rẹ̀ sì lè ba nǹkan tó wọ́n ju kọ́ìlì mẹ́wàá lọ jẹ́.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sójú ọ̀nà, ibi tí tèmi ti ń gbọ̀n.

Tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tó bá dé eré kan pàtó, bíi 80 sí 110, tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́tù tàbí ẹ kò tẹ̀ ẹ́, tí kò gbọ̀n nínú ìlú, táyà àti rímù ni ẹ kọ́kọ́ wò. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tó fi jẹ́ eré nìkan ló ń tú àṣírí rẹ̀. Táyà 195/65R15, tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wa, ń gba nǹkan bíi mítà méjì ilẹ̀ tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Lórí eré kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ó ń yí bí ìgbà 14 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí gíráàmù 30 péré bá wúwo jù lápá kan rímù, ní eré yẹn yóò máa fa táyà síta bí ohun tó wúwo ju kìlógíráàmù 4 lọ, lókè, nísàlẹ̀, ìgbà 14 kí ẹ tó lè pe orúkọ yín. Ẹ dín eré kù sí ìdajì, agbára yẹn á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láàárín Àlàgbàkà sí Ọjà Ọba nínú ìlú Àkúrẹ́, ẹ ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe é.

Ẹ wá fi ara yín ṣe ìwọ̀n. Tó bá jẹ́ ọwọ́ yín lórí sítíárìn ló ń gbọ̀n, táyà iwájú ni ẹ fura sí. Tó bá jẹ́ ìjókòó àti ilẹ̀ ọkọ̀ ló ń gbọ̀n, tí sítíárìn dúró jẹ́ẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ẹ̀yìn. Ìdí mi ló ń gbọ̀n ní gbogbo oṣù tí mo ń sọ yìí. Kò sẹ́ni tó bi mí, èmi náà ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́.

Ọjọ́ tí táyà ẹ̀yìn òsì jò ni àṣírí tú. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ yẹn tú táyà, ó yí i síta, ó fojú wo inú rímù, apá tó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ó ní, "Mà, ẹ wá wo nǹkan." Ẹrẹ̀ pupa ló ti lẹ̀ mọ́ inú rímù náà lápá kan ṣoṣo, ó gbẹ, ó le bí bíríkì. Ó ki sípánà kékeré bọ abẹ́ rẹ̀, ó yọ ọ́ kúrò lódindi. Ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ bí àwo, ó ti gba àwòrán ìtẹ̀kọrọ̀ rímù pátápátá. Mo gbé e lọ́wọ́, ó wúwo ju bó ṣe rí lọ. Àdúgbò wa kò ní ọ̀dà. Tí òjò bá rọ̀, mo máa ń la ẹrẹ̀ kọjá kí n tó jáde sí títì, mo tún máa ń là á padà wọlé. Tí mo bá páàkì lálẹ́, ẹrẹ̀ tútù inú rímù á sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, á gbẹ síbẹ̀ mọ́jú. Ẹrẹ̀ tó yí rímù ká dọ́gba kì í yọni lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, èyí tó kó ara rẹ̀ jọ sójú kan ló ń ṣe é. Ìgbà tó lọ fún ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, mo ti gbé ọkọ̀ lọ fọ̀, omi alágbára ti gba ibẹ̀ kọjá láìmọ̀. Ìgbà tí òjò tún rọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì síìtì tí mo rà ṣì wà níbẹ̀, kò jẹ, kò mu.

Tí inú rímù bá mọ́ tó sì tún ń gbọ̀n, ẹ lọ ṣe bálánsì, ìyẹn kí wọ́n mú kí ìwúwo táyà àti rímù dọ́gba yíká. Òjé kékeré tí wọ́n máa ń kàn mọ́ etí rímù lè ti já bọ́ nínú kòtò, ẹ lè rí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ tó mọ́ ju ibi yòókù lọ. Bálánsì yàtọ̀ sí aláìnmẹ́ǹtì. Aláìnmẹ́ǹtì ń tún ìdúró ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe kó má bàa máa fà sápá kan, kó má sì jẹ táyà lápá kan. Tí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá ṣe aláìnmẹ́ǹtì nìkan, ẹ bèèrè ìdí.

Táyà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ pa ọkọ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà yíká, jẹ́jẹ́, nítorí wáyà lè ti yọ lára rẹ̀. Ibi tó wú bí ẹni tí agbọ́n ta, okùn irin inú rẹ̀ ti já níbẹ̀. Ìyẹn kò gba bálánsì, kò gba àdúrà, ẹ yọ ọ́. Àwọn nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára àkọlé DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2316 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Ilé-iṣẹ́ Michelin gbani nímọ̀ràn pé kí táyà má kọjá ọdún mẹ́wàá láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, bó tilẹ̀ ń dán. Táyà tòkunbọ̀ tó ń dán lójú lè ti dàgbà ju ọmọ yín tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ, kẹ́ ẹ tó sanwó ni kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà yẹn. Ọkọ̀ tó sì ti dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tí ẹni tó ni ín rìnrìn-àjò, táyà rẹ̀ lè tẹ́ nísàlẹ̀. Á gbọ̀n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, tí táyà bá gbóná á lọ. Ìyẹn náà wà lára èyí tí mẹkáníìkì kì í rí.

Tí ẹ kò bá mọ táyà tó jẹ̀bi, ẹ gbé ti ẹ̀yìn síwájú, kí ẹ gbé ti iwájú sẹ́yìn. Tí ìgbọ̀nrìrì bá ṣí láti ìjókòó sí sítíárìn, ẹ ti mú un. Ọgbọ́n kan náà ni pẹ̀lú ti kọ́ìlì.

Èyí tó dìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì kó tó gbọ̀n kò le láti mọ̀: dísìkì, irin pẹrẹsẹ tí bíréèkì ń dì mú, ni. Ojú rẹ̀ kò dọ́gba mọ́. Ìyàtọ̀ tó kéré ju ìnípọn irun orí kan lọ tó láti mú sítíárìn gbọ̀n lọ́wọ́ yín. Ó máa ń burú sí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ òkè gígùn, tí bíréèkì ti gbóná, pàápàá fún ẹni tó ń fi bíréèkì nìkan sọ̀kalẹ̀ láì lo jíà tó kéré. Fọkanáísà tó de nọ́ọ̀tì kan le ju èkejì lọ lè fa irú rẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ tẹ bíréèkì lójijì gan-an ni ẹsẹ̀ yín wá gbọ̀n "tẹ́tẹ́tẹ́tẹ́" lórí pẹ́dà, tó sì dẹ́kun lẹ́yìn náà, ABS, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí táyà há tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú u.

Èyí tó dìgbà tẹ́ ẹ bá ń tẹ tọ́tù, tó ń gbọ̀n bó ti ń gun òkè, tó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá dẹsẹ̀, ẹ wo ṣáàfù, oríkèé tó wà ní inú lọ́hùn-ún, nítòsí jíà. Oríkèé ti ìta ní tirẹ̀ máa ń dún "kẹ́kẹ́kẹ́" tẹ́ ẹ bá yí sítíárìn dópin. Tí rọ́bà tó bo oríkèé bá ti ya, gíríìsì á ti fọ́n sára rímù. Jíà ọ̀tọ́máàtíìkì tí òróró rẹ̀ ti pẹ́ náà máa ń gbọ̀n ní nǹkan bíi 60 sí 80 tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́tù fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń gun ìlà bọ́ǹpù kéékèèké tí kò sí lójú ọ̀nà.

Kí ẹ lè ya ti táyà sọ́tọ̀ kúrò lára ti ṣáàfù àti ẹ́ńjìnnì, ẹ wá ọ̀nà tó gún tí kò sí ọkọ̀ níwájú tàbí lẹ́yìn. Nígbà tó bá ń gbọ̀n, ẹ gbé jíà sí N fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, tẹ́ ẹ bá pa á, bíréèkì àti sítíárìn á le koko. Tó bá ń gbọ̀n lọ bẹ́ẹ̀, táyà ni. Tó bá dákẹ́ kí eré tó lọ sílẹ̀, kì í ṣe táyà.

Mo kọ gbogbo èyí fún ìgbọ̀nrìrì tó fàyè sílẹ̀ láti rò ó. Ọ̀kan wà tí kò fàyè sílẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n tú táyà, tó ń le sí i bẹ́ ẹ ti ń lọ, tó sì ń gbọ̀n kódà nígbà tí eré kéré, ẹ dúró níbi tẹ́ ẹ wà. Ẹ má ní ẹ fẹ́ rọra dé ilé. Nọ́ọ̀tì lè má dè. Ẹ gbé sípánà, ẹ yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rìn tó kìlómítà 50 sí 100 sí ọjọ́ tí wọ́n tú táyà, ẹ tún wọn yẹ̀ wò, nítorí wọ́n máa ń dẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí sítíárìn bá ń ṣí lọ́wọ́ yín, tí ẹsẹ̀ iwájú ń dún "kó" tẹ́ ẹ bá bọ́ sínú kòtò: bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, oríkèé tó di ẹsẹ̀ iwájú mú, tó bá fẹ́ já kì í dá ọjọ́ fúnni.

Èyí tó kù ni bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún mẹkáníìkì. "Ọ̀gá, ọkọ̀ mi ń gbọ̀n" kò tó. Ẹ ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀, kí ẹ kọ ọjọ́, ojú ọjọ́, eré, ibi tó ń gbọ̀n lára yín, àti ohun tí ẹsẹ̀ yín ń ṣe. Bí èyí ni mo ṣe ń kọ tèmi: "Ọjọ́rú, àárọ̀, òjò rọ̀ mọ́jú. 95. Ìjókòó. Mo tẹ tọ́tù, ó ń gbọ̀n. Mo dẹsẹ̀, ó ń gbọ̀n títí tó fi dé 75. N kò tẹ bíréèkì." Irú ìlà mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ì bá ti gba owó síìtì àti púlọ́ọ̀gì sílẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wọ ọkọ̀ pẹ̀lú yín. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ wà á dé ojú ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé, n ó sanwó àkókò yín." Ẹni tó mọṣẹ́ kì í kọ̀ ọ́, àwọn tó mọṣẹ́ sì pọ̀ ní Àkúrẹ́ yìí ju bí a ṣe ń rò lọ, àwa la kì í fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò gba owó: inú rímù, nọ́ọ̀tì, afẹ́fẹ́ táyà. Bálánsì àti síkáànù ló tẹ̀ lé e. Ohunkóhun tí wọ́n bá pààrọ̀, ẹ gba ògbólógbòó rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ wò ó.

Ìwé mi ti ní ìlà tuntun lọ́sẹ̀ yìí. "Ẹtì, ọ̀sán, oòrùn. Mò ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti Ìdànrè. 70. Sítíárìn. Ìgbà tí mo tẹ bíréèkì nìkan." Mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá lórí fóònù, ó ní kí n gbé e wá ní Sátidé, kí n má tíì ra nǹkan kan.